Ìgbéra ti Oníná, Ìgbéra ti Elépo

Ẹni tó bá ṣì ń jiyàn pé ọkọ̀ oníná mànàmáná kò lè gbéra bí ọkọ̀ elépo bẹntiróòlù, kó lọ wo ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣe ní pápákọ̀ òfuurufú Dübendorf, nítòsí ìlú Zürich, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Àwọn ọmọ yunifásítì ETH Zürich pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti Lucerne fọwọ́ ara wọn kan ọkọ̀ kékeré kan tí wọ́n sọ ní mythen. Gbogbo rẹ̀ kò wúwo ju nǹkan bíi kìlógíráàmù 140 lọ. Awakọ̀ wọn tẹ iná, kò sì tó ìṣẹ́jú-àáyá kan, 0.956 gan-an, tí ọkọ̀ náà fi kúrò lórí ìdúró tó sì ń sá kìlómítà 100 ní wákàtí kan. Ilẹ̀ tó lò kò ju mítà 12.3 lọ. Kò sí ọkọ̀ elépo tó ń rìn lójú títì tó sún mọ́ èyí rárá.

Òótọ́ ni pé mythen kì í ṣe ọkọ̀ ojú títì; fáànù wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń fà á mọ́ ilẹ̀ kí táyà má baà yọ̀. Ṣùgbọ́n lára àwọn ọkọ̀ tí olówó lè rà kó sì fi nọ́ńbà sí, ìtàn náà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Rimac Nevera, ọkọ̀ oníná tí wọ́n ń ṣe ní ilẹ̀ Kroatíà, dé eré 100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 1.81 nígbà tí wọ́n dán an wò ní Jámánì ní ọdún 2023. Bugatti Chiron, tó ní sílíńdà 16 àti agbára ẹṣin 1,500, tí gbogbo ayé ń wárí fún nígbà tó jáde ní 2016, ń lo 2.4. Tesla Model S Plaid, tó lè gbé bàbá, ìyá, ọmọ mẹ́ta àti ẹrù wọn, ń fi Chiron sílẹ̀ níbi ìgbéra, owó rẹ̀ kò sì tó ìdá mẹ́wàá owó Chiron.

Nítorí náà, ìjà lórí ta ló ń yára gbéra ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Èyí tí kò tíì parí, tí mo sì fẹ́ yẹ̀ wò, ni ìjà lórí ta ló ń múni lórí yá. Àwọn tó ń kọ̀wé nípa ọkọ̀ sábà máa ń da méjèèjì pọ̀, bí ẹni pé bí iye ìṣẹ́jú-àáyá bá ti ń kéré sí i ni ayọ̀ ń pọ̀ sí i. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tó ya ọkọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀ ni ọ̀nà tí agbára ń gbà dé ara awakọ̀. Ti oníná ń dé lódindi, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ti elépo ń gòkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ara ń dáhùn sí méjèèjì, àmọ́ ọ̀kan ń pẹ́ lára ju èkejì lọ.

Àwọn tó rò pé àná ni iná wọ inú eré sísá ń gbàgbé ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ń ṣírò eré ọkọ̀ tó ga jù láyé, ní oṣù kejìlá ọdún 1898, ọkọ̀ oníná ni Gaston de Chasseloup-Laubat ọmọ ilẹ̀ Faransé wà tó fi sá kìlómítà 63.15 ní wákàtí kan. Camille Jenatzy, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, kò gbà fún un; òun náà gbé ọkọ̀ oníná tirẹ̀ jáde, àwọn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í já ipò náà gbà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ọdún 1899, ní Achères lẹ́bàá Paris, Jenatzy sá kìlómítà 105.88. Òun lẹni àkọ́kọ́ tó fi ọkọ̀ kọjá 100. Ṣùgbọ́n bátìrì ayé ìgbà náà wúwo, kò sì lè rin ìrìn-àjò. Epo ló lè rìn ín, epo ló sì gba ayé mọ́ iná lọ́wọ́ fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ìgbà tí Tesla gbé Roadster jáde ní 2008, tí wọ́n kọ́ lé orí ìpìlẹ̀ Lotus Elise, ni ayé tún rántí pé ohun tó jáde láti inú bátìrì lè fa ọrùn ènìyàn sẹ́yìn.

Ìdí tí iná fi ń borí níbẹ̀rẹ̀ kò ṣòro láti yé ni. Ẹ́ńjìnnì elépo ní láti mí. Ó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, ó ń pò ó mọ́ epo, ó ń tẹ̀ ẹ́ pọ̀, ó ń ṣáná sí i, ó ń tú èéfín jáde. Bí kò bá ti yí, kò lágbára kankan. Ìdí nìyẹn tó fi ń yí nígbà tí ọkọ̀ dúró pàápàá, tí kílọ́ọ̀ṣì fi ní láti wà láàárín òun àti táyà. Tí awakọ̀ bá tẹ iná, ẹ́ńjìnnì á kọ́kọ́ kó ara rẹ̀ jọ, á kúrò ní ìyípo bí ẹgbẹ̀rún kan láàárín ìṣẹ́jú kan, á máa lọ sí ẹgbẹ̀rún mẹ́fà tàbí méje níbi tí agbára rẹ̀ ti pé. Bí ó bá ní tọ́bò, tọ́bò á dúró de èéfín kó tó lè fẹ́ afẹ́fẹ́ wọlé. Jíà á tún yí padà lójú ọ̀nà. Ẹ̀rọ oníná kò ní gbogbo wàhálà yìí. Òòfà ló ń ti òòfà, gbogbo agbára ìyípo rẹ̀ sì ti wà nílẹ̀ kó tó yí ẹ̀ẹ̀kan péré. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń ṣọ́ bí táyà ṣe ń di ilẹ̀ mú, ó ń fi kún agbára, ó ń dín in kù, kíákíá ju bí ẹsẹ̀ ènìyàn ṣe lè ṣe é lọ.

Ẹni tó bá ti gun ọ̀kadà oníná, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ Spiro ń kó wọ Kùtọnu àti Lomé, ti fi ara rẹ̀ mọ ohun tí mò ń sọ. Ọ̀kadà náà kò lè sá eré àsápajúdé, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ṣí ọwọ́ rẹ̀ báyìí, ó ti lọ. Kò kọ́kọ́ kùn, kò kọ́kọ́ gbọ̀n.

Inú etí ni ìmóríyá ti ń bẹ̀rẹ̀. Àpò kékeré méjì wà ní inú lọ́hùn-ún etí kọ̀ọ̀kan, òkúta wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè rí sì wà lórí irun tín-ín-rín inú wọn. Bí ara bá sún síwájú lójijì, àwọn òkúta yìí á ṣẹ́ kù sẹ́yìn, irun á tẹ̀, ọpọlọ á gbọ́. Etí kò mọ eré. Àyípadà eré nìkan ló mọ̀. Ẹni tó wà nínú bàálù tó ń sá kìlómítà 900 ní wákàtí kan lè sùn kó máa hanrun, bẹ́ẹ̀ bàálù kan náà ló tì í mọ́ àga nígbà tó ń gbéra. Ọkọ̀ tó bá dúró lórí kìlómítà 250 láìyẹsẹ̀ kò fún etí ní ìròyìn kankan. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìgbéra ni gbogbo ènìyàn ń sọ̀rọ̀ lé lórí, tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ nípa eré tó ga jù.

Ohun tó bá ń já bọ́ láti òkè ń fi nǹkan bíi kìlómítà 35 kún eré wákàtí rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Tí a bá ṣe ìṣirò náà, a óò rí i pé ọkọ̀ tó dé 100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 2.8 ń lọ síwájú gẹ́lẹ́ bí òkúta ṣe ń já sílẹ̀ láti orí àpáta. Èyí tó bá yára ju bẹ́ẹ̀ lọ ti kọjá ohun tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ lè fà. Nínú Nevera, ẹni tó wọn kìlógíráàmù 80 á rí i bí ẹni pé nǹkan kìlógíráàmù 125 ló ń tẹ òun mọ́ àga. Orí á lọ sẹ́yìn, inú á ṣófo, ẹ̀rín tàbí igbe á ti jáde lẹ́nu kó tó mọ̀. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni fojú kéré ìyẹn. Kò sí ohun tí ènìyàn lè rà fún ojú títì tó ń ṣe é bẹ́ẹ̀ ní ogún ọdún sẹ́yìn.

Àmọ́ ìtì náà ń dé kí awakọ̀ tó retí rẹ̀, ó sì ń lágbára jù ní ìbẹ̀rẹ̀. Láti ibẹ̀, dídínkù ló ń dín kù. Ìjayà ni, ó dùn mọ́ni, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ara ń tètè mọ́ lára bí ìjayà tó ń wá lọ́nà kan náà nígbà gbogbo. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ní irú ọkọ̀ yìí ló ń sọ pé níbẹ̀rẹ̀, ará àti ọ̀rẹ́ ni àwọn ń gbé kiri kí wọ́n lè gbọ́ bí wọ́n ṣe ń lọgun. Tó bá yá, ẹsẹ̀ wọn kì í wá ìsàlẹ̀ mọ́. Ti èrò inú ọkọ̀ tún burú díẹ̀. Awakọ̀ mọ ìgbà tí òun fẹ́ tẹ iná, ọrùn rẹ̀ ti múra. Èrò ẹ̀yìn kò mọ̀, kò gbọ́ ẹ́ńjìnnì tó lè kìlọ̀ fún un, èébì ló sì máa ń gbé ẹlòmíràn.

Ọkọ̀ elépo tí ó dára ń ṣe nǹkan tó yàtọ̀ sí èyí. Ẹ mú Porsche 911 GT3. Kò ní tọ́bò, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà 4, ó sì lè yí dé 9,000 ní ìṣẹ́jú kan. Ní 3,000, ẹ ó rò pé kò ní ohun kan nínú. Ní 5,000, ohùn rẹ̀ yí padà. Ní 7,000, ohun tó wà lẹ́yìn yín kò jọ ẹ̀rọ mọ́, àga ń gbọ̀n, ọwọ́ ń gbọ̀n, ẹ sì mọ̀ pé 2,000 ṣì kù. Bí ìyá ìlù ṣe ń pe oníjó kí ijó tó gbóná, tí ẹsẹ̀ ti ń yún un kó tó dìde, bẹ́ẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì yìí ṣe ń pe awakọ̀. Ìrètí ni ìdajì adùn náà. Tí iná bá dé lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí àyè fún ìrètí.

Ẹ̀rí kan tún wà lára GT3 yìí tó lágbára lójú mi ju gbogbo àlàyé lọ. Porsche ń tà á ní ọ̀nà méjì. Èyí tó ń yí jíà fúnra rẹ̀ ń dé eré 100 láàárín 3.4. Èyí tí awakọ̀ ń fi ọwọ́ àti kílọ́ọ̀ṣì yí jíà rẹ̀ ń lo 3.9. Ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá ni ìyàtọ̀ náà, nínú ayé tí wọ́n ti ń du ìdá mẹ́wàá, síbẹ̀ àwọn ènìyàn ń fi owó tó pọ̀ ra èyí tó lọ́ra. Wọn kò gọ̀. Wọ́n fẹ́ kí ọwọ́ àwọn wà nínú ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa àwọn nọ́ńbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń gbé jáde, nítorí pé kì í ṣe gbogbo wọn la lè gbé sórí òṣùwọ̀n kan náà. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní àṣà kan láti orí pápá ìje tààrà: aago kì í bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ mira, ìgbà tó bá ti rin bí ẹsẹ̀ bàtà kan, ìyẹn nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30, ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Lórí ọkọ̀ tó lágbára gan-an, ẹsẹ̀ bàtà kan yìí ń jí nǹkan bíi ìdá méjì nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá, ọkọ̀ sì ti ń sá bíi kìlómítà mẹ́wàá kí aago tó ká á mọ́. Tesla sọ pé Plaid ń lo 1.99 láti dé 60 máìlì, ìyẹn bíi kìlómítà 97, ṣùgbọ́n wọ́n ti yọ ẹsẹ̀ bàtà yẹn kúrò. Dodge náà ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú Challenger SRT Demon 170, ọkọ̀ elépo tí wọ́n fi dágbére fún ẹ́ńjìnnì V8 (onísílíńdà mẹ́jọ) wọn ní 2023. Wọ́n ní 1.66 ni. Ẹ́ńjìnnì lítà 6.2 ni, agbára ẹṣin 1,025 ló sì ní bí wọ́n bá rọ E85, epo tí ẹ́tánọ́ọ̀lù pọ̀ nínú rẹ̀, sí i. Iṣẹ́ takuntakun ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n orí pápá tí wọ́n ti fi oje lẹ̀ kí táyà lè lẹ̀ mọ́ ọn ni wọ́n ti ṣe é. Ẹni tó bá gbé e lọ sí ojú títì tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí kò ní rí 1.66 yẹn. Ọkọ̀ oníná ń sún mọ́ nọ́ńbà tirẹ̀ lórí ọ̀dà lásán, láti ọwọ́ ẹnikẹ́ni.

Elẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ṣì wà tí kò sí oníná tó lè bá du ìgbéra, ìyẹn àwọn ọkọ̀ Top Fuel ti Amẹ́ríkà. Bẹntiróòlù kọ́ ni wọ́n ń lò, nitromethane ni. V8 wọn ń mú agbára ẹṣin tí wọ́n ń fojú bù sí 11,000 jáde, wọ́n ń sá ẹsẹ̀ bàtà 1,000, ìyẹn mítà 305, láàárín ohun tí kò tó ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin, wọ́n sì ń kọjá kìlómítà 530 ní wákàtí kan níparí rẹ̀. Lẹ́yìn eré kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní láti tú ẹ́ńjìnnì náà palẹ̀ kí wọ́n tó tún un tò. Ariwo rẹ̀ ń lu àyà àwọn tó wà níjókòó lọ́hùn-ún. Kò kan ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀, mo kàn sọ ọ́ kí á má baà sọ pé iná ti gba gbogbo pápá.

Lẹ́yìn eré 100, ọ̀rọ̀ ń yí padà. Bí ẹ̀rọ oníná bá ṣe ń yí yára tó, bẹ́ẹ̀ ni òun fúnra rẹ̀ ń ṣe iná tó ń dojú kọ èyí tó ń bọ̀ láti inú bátìrì, agbára ìyípo rẹ̀ sì ń lọ sílẹ̀. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń bá ìyẹn jà lónírúurú ọ̀nà. Porsche fi jíà méjì sí ẹ̀yìn Taycan. Tesla fi káábọ̀nù di àárín ẹ̀rọ Plaid kó lè yí kọjá 20,000 láìfọ́. Ọkọ̀ elépo ní tirẹ̀ ní jíà méje tàbí mẹ́sàn-án tó lè fi máa gbé ara rẹ̀ padà síbi tí agbára pọ̀ sí. Ẹ wo ìdíje láti ìdúró dé eré 400 kí ọkọ̀ sì tún dúró pátápátá. Nevera ṣe é láàárín 29.93 ní 2023. Koenigsegg ti ilẹ̀ Swídìn gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún kan náà, ó sì fi Jesko tó ń lo V8 elépo gbé e dé 27.83 ní oṣù kẹfà 2024. Ní 2025, Rimac gbà á padà pẹ̀lú Nevera R ní 25.79. Níbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè sọ pé òun ti borí.

Ibì kan wà tí epo ti pàdánù láìsí àwíjàre, òkè Pikes Peak ní ìpínlẹ̀ Colorado. Ìje náà bẹ̀rẹ̀ níbi tó ga ní mítà 2,862, ó parí sí 4,302, ìgun 156 ló sì wà láàárín. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe ń gòkè, ẹ́ńjìnnì tó ní láti mí ń pàdánù agbára. Ní 2013, Sébastien Loeb gun un nínú Peugeot 208 T16 láàárín ìṣẹ́jú 8 àti ìṣẹ́jú-àáyá 13.878, gbogbo ènìyàn sì rò pé ó tán. Agbára ẹṣin 875 ló ní, ìwúwo rẹ̀ sì jẹ́ kìlógíráàmù 875. Ní 2018, Romain Dumas gbé Volkswagen ID.R wá. Ó wúwo ju Peugeot náà lọ, agbára ẹṣin 680 péré ló ní, ṣùgbọ́n bátìrì kò bèèrè afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ òkè. Ìṣẹ́jú 7 àti 57.148 ló lò. Lójú mi, ìyẹn ni ọjọ́ tí ọkọ̀ oníná gba ọ̀wọ̀ gidi lágbo eré ìje, ju gbogbo fídíò Tesla tó ń na Ferrari níbi iná pupa lọ.

Nürburgring ti Jámánì wá sọ òdìkejì. Kìlómítà 20.8 ni, ìgun lórí ìgun, gegele àti kòtò. Nevera, pẹ̀lú agbára ẹṣin 1,914 rẹ̀, lo ìṣẹ́jú 7 àti 5.298 níbẹ̀ ní 2023. Porsche 911 GT3 RS, tí agbára ẹṣin rẹ̀ jẹ́ 525, tó jẹ́ elépo lásán, ti lo 6 àti 49.328 ní ọdún tó ṣáájú. Ẹ tún un kà dáadáa. Ìwúwo ló ṣe é. Nevera lé ní tọ́ọ̀nù méjì; Porsche kò ju bíi tọ́ọ̀nù kan àbọ̀. Ọkọ̀ tó wúwo ń gbéra dáadáa bí iná bá pọ̀ tó, ṣùgbọ́n níbi ìgun àti bíréèkì, gbogbo kìlógíráàmù bátìrì náà ń pe táyà lẹ́jọ́. Ooru tún wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá tẹ iná léraléra, bátìrì á gbóná, kọ̀ǹpútà á sì dín agbára kù kí ó má baà bàjẹ́. Bátìrì tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kò sì lè fún ọkọ̀ ní agbára tó ń fún un nígbà tó kún. Ọkọ̀ elépo tí táńkì rẹ̀ kù díẹ̀ kò pàdánù ohunkóhun, ó tilẹ̀ fúyẹ́ sí i. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọjọ́ kan ṣeré lórí pápá gbọ́dọ̀ ro èyí kó tó náwó.

Ọ̀rọ̀ ohùn ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù láàárín àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀. Àwọn tó fẹ́ràn iná ń sọ pé agbára tó ń ṣòfò ni ariwo, wọn kò sì purọ́. Ṣùgbọ́n ohùn ń sọ fún awakọ̀ ibi tó dé láìjẹ́ pé ó wo ojú aago. Nígbà tí Formula 1 kúrò lórí V8 bọ́ sí V6 onítọ́bò tó ní iná lára ní 2014, àwọn òǹwòran bínú nítorí ohùn. Dodge gbìyànjú láti fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣe sàlẹ́ńsà fún Charger Daytona oníná. Ariwo náà pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ mi ò rí ìdí tó fi yẹ kó mú ẹnikẹ́ni lórí yá.

Hyundai ló rí ojú ọ̀nà. Ioniq 5 N wọn, tó jáde ní 2023, jẹ́ ọkọ̀ oníná tí agbára ẹṣin rẹ̀ jẹ́ 650, tó sì ń dé 100 láàárín 3.4. Wọ́n fi ohun kan sínú rẹ̀ tí wọ́n pè ní N e-Shift. Bí awakọ̀ bá tan án, ọkọ̀ á máa ṣe bí èyí tó ní jíà mẹ́jọ. Agbára á já díẹ̀ nígbà tí jíà bá yí, ara ọkọ̀ á ta, ohùn ẹ́ńjìnnì á gòkè bọ̀. Bí awakọ̀ bá gbàgbé láti yí jíà, ọkọ̀ á kọ̀ láti lọ mọ́, gẹ́gẹ́ bí ẹ́ńjìnnì elépo tó ti yí dé òpin. Kò sí jíà kankan níbẹ̀ ní tòótọ́. Níbẹ̀rẹ̀, mo rò pé ìṣeré ọmọdé ni. Ṣùgbọ́n àwọn akọ̀ròyìn ọkọ̀ tó ti wa gbogbo nǹkan láyé gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ohun tí wọ́n sì ń sọ bọ́gbọ́n mu: e-Shift jẹ́ kí wọ́n mọ iye eré tí wọ́n gbé wọ ìgun, ó sì fún wọn ní iṣẹ́ láti ṣe. Hyundai sọ eré díẹ̀ nù kó lè fi ìrètí sí ibi tí ìjayà nìkan wà. Ohun tí àwọn tó ń ra GT3 oníkílọ́ọ̀ṣì ń ṣe gan-an nìyẹn.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ yin iná fún láìfi ohunkóhun pa mọ́. McLaren F1, tí Gordon Murray ṣe ní Ìlú Ọba láàárín ọdún 1992 sí 1998, ń dé 60 máìlì láàárín 3.2. Ẹyọ 106 péré ni wọ́n ṣe, àwọn ọba àti olówó ńlá ló sì kó wọn pamọ́. Lónìí, Tesla Model 3 Performance ń ṣe bẹ́ẹ̀, nọ́ọ̀sì àti olùkọ́ ń wà á lọ síbi iṣẹ́ ní London àti Houston. Kò tíì sí ìgbà kan nínú ìtàn ọkọ̀ tí ìgbéra tó tó yìí dé ọwọ́ ènìyàn tó pọ̀ tó báyìí. Ó ń bà mí lẹ́rù pẹ̀lú. Ẹni tó ra McLaren mọ ohun tó rà. Ẹni tó ra ọkọ̀ ẹbí oníná lè má mọ̀ títí di ọjọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ṣèèṣì tẹ ìsàlẹ̀ níwájú ilé-ẹ̀kọ́, kò sì sí ariwo ẹ́ńjìnnì tí ọmọ tó ń sọdá lè fi mọ̀ ṣáájú. Ó yẹ kí irú agbára bẹ́ẹ̀ wà ní títì pa, kí awakọ̀ máa ṣí i fúnra rẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ ẹ.

Murray fúnra rẹ̀ ti fi ìdáhùn tirẹ̀ lélẹ̀. T.50 rẹ̀ wọn kìlógíráàmù 986, V12 rẹ̀ tí Cosworth ṣe sì ń yí dé 12,100. Kò bá ẹnikẹ́ni du nọ́ńbà ìgbéra. Ó sọ ọ́ di ọkọ̀ tó fúyẹ́, tó ń kọrin, tó ń gbọ́ràn sí ẹsẹ̀, ó sì fi ti eré 100 sílẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ ẹ. Èmi wà lẹ́yìn Murray níbi ọ̀rọ̀ ìwúwo, láìṣiyèméjì.

Ọ̀rọ̀ Mate Rimac ló wá jọ mí lójú jù. Ọ̀dọ́ ni nígbà tí ẹ́ńjìnnì BMW ọdún 1984 tó fi ń ṣeré ìje bàjẹ́, ló bá yọ ọ́ sọnù, ó fi ẹ̀rọ oníná dípò rẹ̀. Láti ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ ilé-iṣẹ́ tó bí Nevera. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé kò gba iná gbọ́. Nígbà tí Bugatti bọ́ sábẹ́ ìdarí rẹ̀ ní 2021, tó ku kí ó ṣe arọ́pò Chiron, ohun tó rọrùn jù ni kó gbé Nevera wọ aṣọ Bugatti. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Tourbillon, tí wọ́n fi han ayé ní oṣù kẹfà 2024, ní V16 lítà 8.3 tí kò ní tọ́bò kankan, tó ń yí dé 9,000. Ẹ̀rọ oníná mẹ́ta wà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ń mú agbára ẹṣin 1,000 wá, iná ń mú 800. Bí awakọ̀ bá tẹ iná láti ìdúró, ẹ̀rọ oníná ni yóò kọ́kọ́ tì í, nítorí pé ẹ́ńjìnnì kò tíì mí dé ibi tó fẹ́ dé. Bí V16 náà bá ti ń gun òkè lọ sí 9,000, òun ló kù. Ẹyọ 250 ni wọ́n ní àwọn máa ṣe, owó rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti mílíọ̀nù yúrò 3.6, láìka owó orí. Irú ìpínṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀ tí kò wúwo ju tọ́ọ̀nù kan àbọ̀, tí owó rẹ̀ kò ju ti Ioniq 5 N lọ, ni mo ń retí, kò sì sí ohun kan nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ tó ní kò ṣeé ṣe.